Itan Ẹtu tí Àwẹ̀ró Yan

Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti délé ọkọ, kò tíì gbé ẹran lọ kí bàbá rẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ wá fún un ní odidi itan ẹtu, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

Ìyáálé rẹ̀ bá a dáná sínú àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹran. Ó ní, "Jẹ́ kí igi jó di ẹyin iná ná, kí èéfín fúyẹ́, kí o tó gbé ẹran lé e. Má sì dí ẹnu àgbá o, iná ń mí bí èèyàn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Mo ti gbọ́, ìyáálé mi."

Bí ìyáálé ṣe yẹra báyìí, Àwẹ̀ró ki igi tútù bọná, ó fi páànù dí ẹnu àgbá pa. Èéfín ń rú túù. Kó tó di ọ̀sán, ẹran ti dúdú, ó ń dán. Ó fayọ̀ dì í, ó di ilé bàbá rẹ̀.

Bàbá gé díẹ̀ sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ títí, kò lè gbé e mì. Ẹran ti korò dé eegun.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní jẹ́ẹ́. "Ta ló sọ fún ọ pé ara mi ò yá, tí o fi gbé àgbo wá?"