Bí Orí Ẹyẹ Tíọ́ńgì Ṣe Pá

Nígbà láéláé, ní etíkun ilẹ̀ Màléè, ìyẹ́ dúdú ló bo gbogbo orí ẹyẹ tíọ́ńgì. Ohùn kan ṣoṣo ló sì ní, èyí tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ.

Oríṣiríṣi ẹyẹ ló ń gbé etíkun yẹn. Àdàbà wá láti erékùṣù Jáfà. Ológoṣẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi wá láti Ṣáínà. Kannakánná fò wá láti Íńdíà. Èdè Màléè ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ kálukú ló ní bó ṣe ń dún lẹ́nu tirẹ̀. Bí wọ́n bá kórè ìrẹsì tán, wọn a péjọ láàárọ̀ sábẹ́ igi ńlá kan lórí òkè tó wà létí òkun náà, wọn a kọ orin ẹlẹ́sẹ mẹ́rin: ẹsẹ méjì fún òkun àti koríko, ẹsẹ méjì fún ohun tó wà lọ́kàn.

Tíọ́ńgì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sẹrójà. Máwà ìyá rẹ̀ ti erékùṣù òdìkejì wá, ó sì máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀ lẹ́nu.

Lọ́dún kan, Máwà kọrin dé ẹsẹ kẹta, ni àtíòro àgbà, olórí wọn tí wọ́n ń pè ní Dátò, bá na apá sókè.

“Dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pè é kọ́ nìyẹn. Àwa tí a bí sórí òkè yìí la ni èdè, àwa la ni orin. Ẹ̀yin tí ẹ gba orí omi wá ti bà á jẹ́ tó.”

“Dátò, ó di ọdún kẹtàlélógún tí mo ti ń kọ ọ́ níwájú yín,” ni Máwà wí.

“Ọdún kẹtàlélógún tí o ti ń ṣì í nìyẹn.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Máwà wọ inú ihò igi rẹ̀ lọ, kò sì kọrin mọ́.

Inú bí Sẹrójà. Ẹ̀rín yẹn ló dùn ún jù. Ó lọ bá àdàbà nílé.

“Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín,” ló wí.

“Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Mo rò pé bí mo bá rẹ́rìn-ín, kò ní kàn mí.”

“Yóò kàn yín. Ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń kọ orin náà.”

Ojú ti àdàbà, ó sì kọ́ ọ. Sẹrójà lọ sọ́dọ̀ ológoṣẹ́, ó lọ sọ́dọ̀ kannakánná. Gbogbo ìgbà òjò ló fi kọ́ ọ.

Nígbà tí ìkórè tún dé, Dátò ní àwọn ará òkè nìkan ni yóò kọrin. Sẹrójà bà síwájú rẹ̀ gan-an. Ó kọ ọ́ ní ohùn àdàbà, ó kọ ọ́ ní ohùn ológoṣẹ́ àti ti kannakánná. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ ní ohùn ìyá rẹ̀, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí Máwà ṣe ń fà á.

“Olè,” ni Dátò wí. “Èwo ni tìrẹ níbẹ̀?”

Láti kékeré, ẹ̀yin ni Sẹrójà ń pe Dátò. Kò pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Tèmi ni gbogbo wọn. Wọ́n fún mi ni. Ìwọ lo gba ti ìyá mi lẹ́nu rẹ̀.”

Dátò fi àgógó ńlá rẹ̀ gbá a lọ́tùn-ún, ó gbá a lósì. Ìyẹ́ já, awọ bó. Sẹrójà ń kọrin lọ. Dátò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kó lè bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí ọ̀fun rẹ̀ fi ya. Àwọn ẹyẹ yòókù gba orin náà, kálukú bó ṣe ń dún lẹ́nu tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Dátò ránṣẹ́ pé kó má bínú. Sẹrójà ní òun ṣì ń bínú.

Láti ọjọ́ náà ni àtíòro ti ń ké bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Láti ọjọ́ náà ni ìyẹ́ kò ti hù mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí tíọ́ńgì, tí awọ ibẹ̀ pupa rúsúrúsú bí àtalẹ̀ pupa, tí tíọ́ńgì fúnra rẹ̀ sì ń fi ohùn ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ dá a lóhùn. Ẹni tó bá fi ìgbéraga pè é, ìgbéraga ara rẹ̀ ni yóò gbọ́.