Orí Tuntun fún Kọ̀ǹpútà

Akínlọyè ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé wọn. Inú rẹ̀ ni ohùn bàbá wọn tó ti dolóògbé wà, níbi tó ti ń ki ìran wọn. Kò sí níbòmíràn.

Ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, orí ni Akínlọyè ń pè é. Ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe orí tuntun fún kọ̀ǹpútà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti fẹ́ gbé orí yìí wọ̀, ojú rẹ̀ á ṣú, á kú, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ohun kan náà ló ń ṣe ṣáá. Nígbà tó sú Akínlọyè, ó nu gbogbo inú ẹ̀rọ nù, ó tún un tò lákọ̀tun. Ó tàn, ó dúró.

Inú rẹ̀ dùn, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ajíbíkẹ́, tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà, wá wò ó. Ó ròyìn fún un bí orí tuntun náà ṣe kọ́kọ́ kọ̀ tí kò wọlé, Ajíbíkẹ́ sì bi í pé:

“Irú ẹ̀rọ wo lo ṣe orí yẹn fún?”

Akínlọyè dárúkọ rẹ̀.

“Irú tiwa kọ́ nìyẹn. Orí màlúù lo gbé ka ọrùn ewúrẹ́. Orí àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn ni ò bá kàn yàn nígbà tó ń tàn. Kí lo wá ṣe?”

“Mo nu gbogbo ẹ̀ nù ni, àǹtí mi.”

Ajíbíkẹ́ rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ohùn bàbá ńkọ́?”

Akínlọyè káwọ́ lérí. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí.

“Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àbúrò mi.”

Kọ̀ǹpútà ń tàn yòò níwájú wọn. Orí ò fọ́ ọ mọ́.