Ẹsẹ̀ Ta Ni Yóò Gun Òrùlé Ààfin?

Ọba Ìdóyè, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá, pàṣẹ fún Àkànjí oníná pé kó gbé sólà sórí òrùlé ààfin kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ga ju orí ọba lọ. Àkànjí dọ̀bálẹ̀, ó to bátìrì, ó so wáyà, ó fi àkàbà ti ògiri, ó wá fi sípánà lé ọba lọ́wọ́. “Kábíyèsí, iṣẹ́ tèmi parí. Orí òrùlé ló kù, ẹ̀yin nìkan ni èèwọ̀ sì gbà láyè níbẹ̀.” Ọba gbé ẹsẹ̀ kan lé àkàbà, àkàbà ké. Ó gbé ìkejì, àkàbà mì, ọba lẹ̀ mọ́ ògiri bí ọmọńlé. “Àkànjí,” ó ní, “èèwọ̀ yẹn ti parí lánàá.”