Igi Odán àti Àwòrán Alága
Alága káńsù kan gbé àwòrán ara rẹ̀ gàgàrà kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ṣùgbọ́n igi odán ńlá kan bò ó lójú. Ó pe Abẹ́gúndé tó ń tọ́jú igi ìgboro, ó ní bí igi náà bá ṣì wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ó yáa wá iṣẹ́ mìíràn. Abẹ́gúndé dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kò sí wàhálà, sà. Ṣùgbọ́n òfin igi gígé tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí ní kí alága dúró wò ó títí igi yóò fi wó.” Alága gbé agbádá òfì wọ̀, ó jáde. Abẹ́gúndé jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àáké pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Oòrùn mú ganrínganrín, alága yọ́ bọ́ sábẹ́ ibòòji igi. Abẹ́gúndé ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibẹ̀ yẹn gan-an ni yóò wó sí.” Alága padà sínú oòrùn. Nígbà tí agbádá lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ní, “Abẹ́gúndé, ṣé kò sí ọgbọ́n mìíràn tí a lè dá sí i ni?” Abẹ́gúndé gbé àáké sílẹ̀. “Ó wà, sà. Ẹ jẹ́ ká gbé àwòrán yín lọ sínú oòrùn. Àwòrán kì í làágùn.” Kó tó sọ̀rọ̀ tán, alága ti jókòó sábẹ́ igi.