Fadérera àti Tábìlì Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Ẹni tó bá ń jiyàn pé agbára ju ọgbọ́n lọ, kó lọ béèrè ní Ìkìrun. Ọ̀gá Láṣebìkan, olórí ẹgbẹ́ káfíńtà, ò fẹ́ kí Fadérera tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ, torí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà làwọn oníbàárà ń béèrè. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù gan-an, tí ìyá ọmọ ti se ìrẹsì, tí àlejò ti jókòó, ọ̀gá gbé pákó róbótó kan kalẹ̀. "Lu ihò ẹsẹ̀ tábìlì kan ṣoṣo sí i láàárín gan-an. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan téèpù tàbí rúlà. Tí ife omi bá dà lórí ẹ̀, wàá lo ọdún méjì sí i." Fadérera kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó já álímánáàkì ẹgbẹ́, èyí tí fọ́tò ọ̀gá gba gbogbo ojú rẹ̀, kúrò lára ògiri. Ó tẹ́ ẹ lé pákó, ó gé e yípo tẹ̀lé etí pákó, ó ká a sí méjì, etí kan etí, ó sì tún un ká. Nígbà tó tú u, ìlà méjì ti pàdé ara wọn. Ó dá ìwé padà sórí pákó, ó kan ìṣó síbi tí wọ́n ti pàdé, ó lu ihò síbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tábìlì bọ̀ ọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé ife omi tó kún dẹ́nu lé e. Ẹ̀kán kan ò dà. Ìyá Fadérera mí kanlẹ̀. Ọ̀gá mú álímánáàkì, ó rí i pé àárín imú òun ni ìṣó gbà kọjá. "Ìwọ ọmọ yìí, imú mi lo gún?" "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin náà lẹ jókòó sáàárín." Ọ̀gá fọwọ́ pa imú, ó kọjú sí ìyá ọmọ: "Ẹ gbé ìrẹsì fíríìdọ̀mù yẹn wá fún àlejò kó tó tutù."