Ojúọlápé àti Àlejò Tí Yàrá Rẹ̀ Kò Gbà

Yàrá kékeré kò kọ àlejò ńlá, ìta ni a ń kọ́ ilé tirẹ̀ sí.
Iná tí kò rí èémí, eérú ni yóò dà.
Ẹni tó bá ń tijú ohun tó ń bọ́ ọ, ebi ni yóò kí i káàárọ̀.

Àwọn awo wọ̀nyí ni wọ́n dífá fún Ojúọlápé, ọmọ agbo ilé Amọ̀kòkò ní ìlú Ọ̀ṣínlẹ̀, ní ọjọ́ tí ó ń wá ilé fún àlejò tí yàrá rẹ̀ kò gbà, tí ó ń fi ẹkún sunráhùn orúkọ ìyá ńlá rẹ̀ tí ìlú fẹ́ gbàgbé.

Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ Ifá. Èmi náà ọmọ Amọ̀kòkò ni mí, n kò sì ní fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ìtàn yìí. Bí orí mi bá wú ju ti ẹlòmíràn lọ, ẹ fi jì mí. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní Ọ̀ṣínlẹ̀, àwa ni à ń mọ ìkòkò. Bí wọ́n bá ń kì wá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn a ní: ọmọ ìkòkò dúdú tí kì í jò, ọmọ a-fi-amọ̀-gba-omi-dúró. Ẹni tó bá ra àmù lọ́wọ́ wa, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a kì í kà mọ́ oríkì. A máa ń mọ ajere pẹ̀lú, ìkòkò tí a dá ihò sí gbogbo ara rẹ̀, èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń gbé ka orí iná láti yan ẹja. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń mọ ọ́n, ọjà òkèèrè ni a sì ti ń tà á. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bú wa nínú ìlú, yóò ní, "Ẹ wo àwọn alájere." Ojú ìjà ni a ó sì fi dá a lóhùn.

Ìtàn tí àwọn ìyá wa sọ fún wa ni pé Yèyé Iyùnadé, amọ̀kòkò, ló gbé iná la odò já nínú òjò, ní ọjọ́ tí àwọn tó tẹ Ọ̀ṣínlẹ̀ dó kọ́kọ́ dé. Òtútù ìbá pa gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n agbo ilé Ọdẹ ní irọ́ ni, wọ́n ní baba tiwọn ló gbé iná náà wá. Nítorí náà, ní gbogbo Ọjọ́ Ìlú, àwọn ló ń gbé ògùṣọ̀ ṣíwájú, àwa a sì máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Baba Ògúnsẹ̀yẹ, olórí àwọn ọdẹ, kò tilẹ̀ bá wa jà. Ìbéèrè kan péré ni ó máa ń bi wá: ṣé inú ìkòkò tí kì í jò ni Yèyé yín dé iná mọ́, tí iná kò kú? Inú a máa bí wa. Ṣùgbọ́n a kò rí èsì fọ̀.

Ojúọlápé kò mọ ìkòkò. Àwòrán ni ó ń fi kọ̀ǹpútà yà, irú èyí tí ènìyàn inú rẹ̀ ń rìn tí ó sì ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, Kábíyèsí ní kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan wá fi ìtàn tirẹ̀ han ìlú lójú aṣọ funfun ní iwájú ààfin. Kábíyèsí ní ohun tí ìlú bá gbà ní ọjọ́ náà ni akọ̀wé ààfin yóò kọ sílẹ̀, kò sì sí àríyànjiyàn mọ́. Gbogbo agbo ilé wa gbé ojú lé ọmọbìnrin yìí. Bí kò bá lè fi Yèyé Iyùnadé hàn, orúkọ Yèyé ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà tí ó ní kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń fi í yangàn, nítorí pé ó ń gbé e sínú àpò lọ sí ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí omi àti iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í mira nínú àwòrán, kọ̀ǹpútà náà á dákẹ́, á máa ronú bí arúgbó tó ń wá awò ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní òkè òkun bá fi káàdì àwòrán kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí ń bá kọ̀ǹpútà ya àwòrán, tí ó sì lágbára púpọ̀. Ó tú kọ̀ǹpútà kékeré náà láti fi káàdì sínú rẹ̀. Káàdì náà tóbi ju inú kọ̀ǹpútà lọ, àlejò tóbi ju ilé onílé lọ. Àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ní kí ó ra àpótí fún un, kí àlejò máa gbé ìta, kí wáyà kan sì so òun àti onílé pọ̀. Oríṣiríṣi àpótí ló wà, olúkúlùkù tó ń tà á ló sì ń yin tirẹ̀. Nígbà tí ó sú u, ó mú eéjì kún ẹẹ́ta, ó lọ sọ́dọ̀ Ifá.

Ifá ní ire ni, iyì tó sọnù yóò padà sílé. Àwọn awo ní kí ó má fi ẹwà yan ilé fún àlejò. Wọ́n ní kí ó béèrè bí àlejò ṣe ga tó, kí ó má lọ ká a lẹ́sẹ̀ kò. Kí ó béèrè bí oúnjẹ rẹ̀ ti pọ̀ tó, nítorí pé ẹni tó ń jẹ àjẹyó kò lè máa bá onílé kékeré jẹ nínú àwo kan. Kí ó wo ẹnu ọ̀nà onílé, bóyá wáyà yóò wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ó wo ibi tí àlejò yóò ti máa mí. Ní ti ẹbọ, ẹja àrọ̀ ni, epo pupa, obì àti ajere tuntun, wọ́n sì ní kí ó fi orí ara rẹ̀ ru ajere náà gba àárín ọjà kọjá lójú ọ̀sán.

Ojúọlápé ra ẹja, ó ra epo, ó ra obì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ajere, ọmọ ìkòkò tí kì í jò kò lè ru ìkòkò jíjò gba àárín ọjà níṣojú àwọn ìyàwó ọdẹ. Àmù dúdú tó ń dán ni ó gbé lọ. Ó ní ó níye lórí ju ajere lọ. Àwọn awo wò ó, wọn kò bá a jà. Wọ́n kàn ní ẹbọ tí a dín ń dúró de ẹni tó dín in.

Ó lọ sí ìlú ńlá, sí ṣọ́ọ̀bù Lánihùn tó ń ta èèlò kọ̀ǹpútà. Lánihùn gbé àpótí méjì kalẹ̀ fún un. Àwọn méjèèjì gba káàdì náà ní gígùn. Àwọn méjèèjì ń fa iná mànàmáná tiwọn lára ògiri, wáyà wọn sì wọ ẹnu kọ̀ǹpútà rẹ̀ géérégé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan rí gbàgìdì, ihò wẹ́wẹ́ sì kún gbogbo ara rẹ̀. Ìkejì dúdú, ó ń dán, kò ní ojú kan. Lánihùn rọ̀ ọ́ pé kí ó mú oníhò, pé irú káàdì yẹn máa ń gbóná, á sì máa làágùn. Ojúọlápé rẹ́rìn-ín, ó ní ajere kọ́ ni òun wá rà. Ó san owó èyí tó ń dán, ó gbé e lọ sílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn. Igbó dìde nínú àwòrán, ewé ń mì, Yèyé Iyùnadé jáde tòun ti àmù rẹ̀ lórí. Àwọn àgbà agbo ilé pé jọ láti wò ó. Bí Yèyé ti ki ẹsẹ̀ bọ odò, tí iná sì yọ lẹ́nu àmù, ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù. Ojúọlápé fọwọ́ kan àpótí, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó jẹ́ kí ó tutù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ibi odò náà ni ó tún kú sí. Bí ó ti ń ṣe é tó, ibẹ̀ ni ó ń kú sí, Ọjọ́ Ìlú sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó bá a wí, èyí ló sì dùn ún jù.

Ẹfúnbọ̀wálé, ìyá rẹ̀, nìkan ló dúró. Òun ni àgbà nínú àwọn tó ṣì ń mọ ìkòkò. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí náà bí ó ti máa ń gbé e lé ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde.

Ó fi oríkì pè é, ó ní, "Àwẹ̀ró, ibo ni eléyìí ti ń mí?"

Ẹkún gba ẹnu Ojúọlápé. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, láti orí ajere tí ó fi dùn Ifá títí dé orí àpótí oníhò tí ó fi ṣẹ̀sín.  Ìyá rẹ̀ wọ yàrá, ó sì gbé ajere àtijọ́ kan jáde, tí èéfín ti sọ di dúdú.

"Ti Yèyé Iyùnadé nìyí. Kì í ṣe àmù ni ó fi gbé iná, ajere ni. Ó tẹ́ eérú sí ìdí rẹ̀, ó kó ẹyín iná lé e, ó fi ewé kókò bò ó lórí nítorí òjò, atẹ́gùn sì ń gba ihò wọlé títí ó fi gòkè odò. Ojú ń ti àwọn ìyá wa láti sọ ọ́. Ìyá mi fi pamọ́, èmi náà fi pamọ́. Ìwọ nìkan kọ́ lo dín ẹbọ, ọmọ mi."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ojúọlápé bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ki ọwọ́ bọ amọ̀. Ajere tí ó mọ wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, n kò ní parọ́ fún yín. Nígbà tí ó gbẹ, tí ó sì jóná tán, ó tún ra ẹja, epo àti obì, ó kó wọn sínú rẹ̀, ó gbé e rù, ó sì gba àárín ọjà lójú ọ̀sán gangan. Àwọn ìyàwó ọdẹ kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ọmọ alájere. Ó dúró, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ tòun ti ẹrù lórí, ó ní òun ni, òun dúpẹ́.  Ó rú ẹbọ, ẹbọ pé.

Ó padà sọ́dọ̀ Lánihùn, ó fi èyí tó ń dán gba oníhò. Nígbà tí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, fáànù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, atẹ́gùn gbígbóná ń gba ihò jáde, káàdì kò sì làágùn mọ́. Ó pa àmù orí Yèyé rẹ́, ó ya ajere sí i. Ìmọ́lẹ̀ iná bẹ̀rẹ̀ sí í gba ihò kọ̀ọ̀kan jáde, ó ń tàn sójú omi, ó ń tàn sójú Yèyé. Iṣẹ́ ńlá ni irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Onílé kékeré náà ṣe é láṣeyè pẹ̀lú àlejò rẹ̀.

Ọjọ́ Ìlú pé. Wọ́n ta aṣọ funfun sí iwájú ààfin. Yèyé Iyùnadé ki ẹsẹ̀ bọ odò, òjò ń rọ̀, iná ń mí nínú ajere, ó sì gòkè.  Baba Ògúnsẹ̀yẹ dìde, ó fi ọ̀pá rìn lọ sí iwájú ibi tí àwòrán wà, ó wo ajere náà títí. Ó yíjú sí ìlú.

Ó ní, "Ọdẹ mọ iná. Bí iná ṣe ń la odò já nìyẹn. Ohun tí mo ti ń béèrè lọ́wọ́ wọn láti kékeré nìyí, wọ́n sì ní i nílé."

Ó gba ògùṣọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó gbé e fún Ẹfúnbọ̀wálé. Ìyá wa kò gbé ògùṣọ̀. Ó gbọn ẹyín iná rẹ̀ sínú ajere Yèyé tí ó gbé wá láti ilé, ó gbé e ka orí òṣùká, ó sì bọ́ síwájú. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé e.

Báyìí ni Ojúọlápé ṣe rú ẹbọ tó kù, tí ó gba ìmọ̀ràn tí ó ti kọ̀, tí ire sì wọlé tọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ń yin àwọn awo, àwọn awo ń yin Ifá. Ifá kì í béèrè ohun tó wọ́n jù lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí a fi pamọ́ ni ó máa ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá gbé e jáde yóò rí ire rẹ̀ mú.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá fẹ́ bú wa ní Ọ̀ṣínlẹ̀, ẹ wá orúkọ mìíràn. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ti di oríkì: ọmọ ajere tó gbé iná la odò já.