Òwú Pupa Tí Ọdẹ́wùmí So Mọ́ Kọ̀ǹkọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín. Ẹ jókòó dáadáa, nítorí ohun tí ojú Ọdẹ́wùmí, ọmọbìnrin ọdẹ, rí nítorí kọ̀ǹkọ̀ lásán, yóò yà yín lẹ́nu.

Ní ìlú Ìgbónlá, ẹnikẹ́ni kì í gbin àgbàdo títí kọ̀ǹkọ̀ yóò fi ké lódò, nítorí òjò a máa tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹkọ̀ kì í purọ́. Àfi bí ó ṣe di ọdún méjì tí odò dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ará ìlú gbára lé àkọ́rọ̀ òjò gbin àgbàdo, oòrùn sun ún gbẹ, ebi sì wọ̀lú bí àlejò tí kò mọ ilé lọ. Baálẹ̀ ní iwin ni ó jí kọ̀ǹkọ̀ kó, kí oníkálukú gba kádàrá. Ọdẹ́wùmí ní òun kò gbà.

“Ẹ má bínú, Baálẹ̀,” ni ó wí. “Bí iwin bá jí ohun wa, ilé iwin ni a ó ti lọ bèèrè rẹ̀.”

Nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, ó rí kọ̀ǹkọ̀ kan tí ń fò lọ lọ́sàn-án gangan. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ó so òwú pupa tí ìyá rẹ̀ ran mọ́ ọn ní ìbàdí, ó di ìdí òwú náà mú, ó sì tẹ̀ lé e wọ igbó tí àwọn baba rẹ̀ kò wọ̀ rí. Iwin kan tí ojú rẹ̀ wà lórúnkún dábùú ọ̀nà, ó ní kí ó padà sílé.

“Ebi ni ó wà nílé,” ni Ọdẹ́wùmí wí. “Yà lọ́nà.”

Wọ́n wọ̀yá ìjà títí ewé igbó fi rẹ̀ dànù, ọmọ ọdẹ sì gbé iwin ṣánlẹ̀. Iwin bú sẹ́rìn-ín níbi tí ó nà sí: “Àwa kò jí kọ̀ǹkọ̀ yín. Tẹ̀ lé òwú rẹ dé òpin.”

Òwú náà jáde nínú igbó, ó yí ẹ̀yìn ìlú po, ó sì wọ inú ọ̀gán ikán ńlá kan lẹ́yìn ilé Baálẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹkọ̀ ti ń sun oorun ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ọdún méjì nìyẹn tí Baálẹ̀ ti ń wó àwọn ọ̀gán ìlú fi mọ ògiri tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń da àwọn kọ̀ǹkọ̀ tí wọ́n bá bá nínú wọn sáàtàn, wọ́n rò pé òkú ni wọ́n. Ọ̀gán yìí nìkan ni ó kù. Wọ́n ti gbé ọkọ́ dé ìdí rẹ̀. Inú bí Ọdẹ́wùmí, ó gun orí ọ̀gán, ó sì jókòó.

“Sọ̀kalẹ̀, ọmọ yìí,” ni Baálẹ̀ wí. “Ògiri mi kò tíì dé òrùlé.”

“Baálẹ̀, ilé ẹni tí ń sọ òjò fún wa ni ẹ ń wó. Bí ẹ bá fẹ́ amọ̀ yìí, ẹ gbẹ́ mi mọ́ ọn.”

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, kò sọ̀. Ọyẹ́ la ètè rẹ̀, ara rẹ̀ funfun bí ẹni fi eérú wẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ará ìlú gbé irúgbìn, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Nígbà tí òjò gidi dé, ọ̀gán rọ̀, kọ̀ǹkọ̀ olówùú pupa yọ jáde, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé e dé odò, igbe wọn sì gba ìlú kan. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ọkọ́ rẹ̀ gba oko lọ, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ògiri rẹ̀ kò dé òrùlé títí di òní, ewúrẹ́ ni ó ń sùn sídìí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹni tí ń wó ilé ẹlòmíràn láti fi mọ tirẹ̀, kí ó ṣọ́ra, ó lè jẹ́ àká oúnjẹ ara rẹ̀ ni ó ń wó. Bí alágbára bá sì ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí òtítọ́, ẹ jókòó.